Ìyáálé Tún Hó ní Agbowa

Ọjọ́ Ajé, 4 Júùnù, 1956
Ìyáálé tún hó. Ìyáálé ni mo ń pe ògbólógbòó píkọ́ọ̀pù ọkọ mi — inú ìwé yìí nìkan o — torí òun ni mo bá nílé, kò sì fẹ́ràn mi. Láti Ìkòròdú la ti gbéra, mo fẹ́ lọ ta búrẹ́dì l'Ẹ̀pẹ́. A dé Agbowa, èéfín bo iwájú. Bàbá Rọ̀kí, ọkọ mi, bẹ́ sílẹ̀, ó sáré wá omi lọ. Èmi gbé Rọ̀kí ọmọ wa sọ̀kalẹ̀, mo ṣa àwọn nápíkìn rẹ̀ tó ti gbẹ kúrò lẹ́yìn irin iwájú ọkọ̀. Nínú òjò yìí, ibẹ̀ nìkan ni aṣọ ti ń gbẹ. Ọlọ́run ò kúkú gba gbogbo rẹ̀ tán.

Ọjọ́rú, 6 Júùnù
Bísíríyù, mẹkáníìkì ará Ìgbògbò, fọ rédíétọ̀ tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, ó tún fáànù dè. Kò rí àrùn kankan. "Ìyàwó, ọkọ̀ yín kàn ń bínú ni." Èmi tí mo ka sáyẹ́ǹsì ní sẹ́kọ́ńdìrì! Nǹkan kì í ṣàdédé hó. Mo ronú títí — òfo.

Ọjọ́bọ̀, 7 Júùnù
Ó hó. Agbowa.

Àbámẹ́ta, 9 Júùnù
Ìyá ọkọ mi wá láti Lásunwọ̀n, àdúgbò wọn ní Ìkòròdú níbí. Wọ́n ní ọjọ́ wo lọkọ̀ ń hó? Bàbá Rọ̀kí — ẹnu rẹ̀ kì í sinmi — ní bí òun nìkan bá lọ, kì í hó. Àfi bí ọmọ bá wà níbẹ̀. Ìyá pàtẹ́wọ́. "Ọ̀sán gangan lẹ bí ọmọ yìí! Orí ẹ̀ gbóná!" Wọ́n fọ́ ìgbín mẹ́rin, wọ́n da omi ẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi ìyókù pa Rọ̀kí lórí. Wọ́n ní bó bá tún hó, àwọn á mú ọmọ sọ́dọ̀ àwọn títí yóò fi rìn. Ọmọ oṣù mẹ́ta!

Ọjọ́ Ajé, 11 Júùnù
Ó hó. Wọ́n ti mú un lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Júùnù
A lọ láìsí ọmọ. Kò hó. Kò tilẹ̀ húkọ́. Bàbá Rọ̀kí ń súfèé. Ọmú ń dà sí mi ní bùbá. Mo gbàdúrà kí ọkọ̀ hó — Ọlọ́run dárí jì mí.

Ẹtì, 15 Júùnù
Kò hó. Àárọ̀, ìrọ̀lẹ́, mò ń sáré lọ Lásunwọ̀n lọ fún un lọ́mú. Ní ọ̀sán, ògì ni wọ́n ń rọ fún un.

Àbámẹ́ta, 16 Júùnù
Ìyá gbé báàfù nápíkìn tútù lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀. "Ọmọ yín ń tọ̀ bí odò! Aṣọ ò gbẹ níbí. Gbà, lọ sá wọn síwájú ọkọ̀ bí o ti máa ń ṣe." Méjìlá. Mo sá wọn.
Agbowa — ó hó! Ọmọ wà ní Lásunwọ̀n, ọkọ̀ ń hó! Bàbá Rọ̀kí lanu sílẹ̀. Mo jó lójú títì.
Mo wá bẹ̀rẹ̀ láti ṣa nápíkìn. Gbogbo wọn lẹ̀ mọ́ rédíétọ̀ bí àtè, abẹ́rẹ́ ò ríbi gbà, ká má tíì sọ afẹ́fẹ́. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀.
Èmi ni. Láti ọjọ́ yìí wá, èmi ni mò ń bo Ìyáálé nímú.

Àìkú, 17 Júùnù
Mo jẹ́wọ́. Bàbá Rọ̀kí rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ìyá ò rẹ́rìn-ín.
"Afẹ́fẹ́ kọ́, ìyàwó. Ṣebí mo sọ pé orí ọmọ gbóná? Ooru orí náà ló wọnú aṣọ ẹ̀, tó wá ń ran ọkọ̀."
Ọkọ mi ní, "Ìyá, ìdí la ń fi nápíkìn sí, kì í ṣe fìlà."
"Panu mọ́! Ọmọ lè máa bá yín lọ. Aṣọ ẹ̀ ò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́."
Mo ti lanu kí n ṣàlàyé rédíétọ̀. Mo rí Rọ̀kí lẹ́yìn wọn, ó ń wò mí. Mo kúnlẹ̀. "Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá. Ẹ ṣeun."

Ọjọ́ Ajé, 18 Júùnù
Ìyáálé ò hó. Rọ̀kí tọ̀ sí mi lára láti Agbowa dé Ẹ̀pẹ́ — kò sí nápíkìn gbígbẹ ẹyọ kan.