Ohùn Tí Mo Gbé Sókè

                                        Yàrá Ìwé Ìròyìn Àtijọ́,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìkàwé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Eléyinjú-ẹgẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ó di ọgọ́rin ọjọ́ lónìí tí a ti dágbére fúnra wa lẹ́nu géètì. Ara ńkọ́? Ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù ìlú òkèèrè yẹn kò mú yín jù? Èmi náà ń gbé e díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá àwọn ọmọ mi, ilé dákẹ́, ṣùgbọ́n mo ń jẹun.

Iṣẹ́ tí o fi lé mi lọ́wọ́ nígbà tí o kúrò ní ilé ìkàwé, pé kí n máa dá àwọn tó ń pè wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lóhùn, kí n bá wọn wá ohun tí wọ́n ń béèrè nínú ìwé, fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá ti ń kàwé fún wọn, wọ́n á gé ìpè. Ọ̀gá wa ní bí oṣù bá parí tí nǹkan ò yí padà, òun á kó kọ̀ǹpútà náà lọ. Mo rò pé íńtánẹ́ẹ̀tì ni kò dáa.

Àfi lọ́jọ́ Ajé tí ọ̀gbẹ́ni kan bi mí pé, "Màdámù, ta ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tí ẹ ò fẹ́ jí?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Kò sẹ́ni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mo ti ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. O ò rí i, a ti bá àwọn òǹkàwé wí títí pé kí wọ́n dákẹ́, ó ti mọ́ èmi fúnra mi lára. Nílé pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Mo bá gbé kọ̀ǹpútà wá sí yàrá yìí, níbi tí mo ti lè sọ̀rọ̀ sókè láì dí àwọn òǹkàwé lọ́wọ́. Lánàá, ẹnì kan tó ń sin ẹja pè: àwọn ẹja rẹ̀ ń yọ ẹnu sójú omi, wọ́n ń mí hẹlẹ. Mo sáré mú ìwé ẹja sísìn, mo kà á fún un ketekete pé kó má fún wọn lóúnjẹ, kó máa da omi tuntun sí i láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú omi. Ariwo jẹnẹrétọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ò jẹ́ kó gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi, mo lọgun. Ọ̀gá gbọ́ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó sáré wá bá mi wí. Nígbà tó gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bá mi di ìwé náà mú.

Ní àárọ̀ yìí, ẹlẹ́ja pè padà. Ọ̀gá ló gbé e. Ẹlẹ́ja ní màdámù tó lóhùn yẹn lòun ń wá. Ẹja òun yè. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí, ó yí kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ mi: "Olóhùn, tìẹ rèé. Kọ̀ǹpútà ò lọ síbì kankan mọ́."

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Láàárọ̀, mo ti ń kí àwòrán bàbá àwọn ọmọ mi tòhùn-tòhùn báyìí. Iṣẹ́ tí o bẹ̀rẹ̀ kò ní kú. Bí ìpè bá ti dún, màá gbé e, màá sì sọ̀rọ̀ sókè.

Tìrẹ ni mí, bó ti wù kó jìnnà tó,
Olóhùn.