Ìyàwó Igi Kẹsàn-án

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára àwọn igi àdúgbò wa, láti ìsọ̀ oníwàrà títí dé ojúbọ Ganesha. Mẹ́rìnlá. Wọ́n fẹ́ fẹ títì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gba abẹ́ wọn kọjá ní Bengaluru yìí, igi lásán ni mo ń pè wọ́n. Ọkọ mi ló mọ̀ wọ́n, òun náà ti kú. Ẹni tí wọ́n máa pa, ó yẹ kéèyàn tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 5

Mo mú bírò lọ bá Muniyappa tó ń lọ aṣọ fún gbogbo wa lábẹ́ igi kẹsàn-án. Ọdún kọkàndínlógún rẹ̀ rèé níbẹ̀ — ọmọlanke kan, áyọ́ọ̀nù eléèédú kan. Bí wọ́n bá gé igi yẹn, ibòòji tán, iṣẹ́ tán, omi tán lẹ́yìn ẹja. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mò ń sọ ọ́.

Ó ń dárúkọ wọn, mò ń kọ ọ́. Honge, tí oyin fẹ́ràn. Àjàgbọn. Máńgòrò tí kì í so. Kẹsàn-án, arali, ẹbí ọdán. Kó tó kan ìkẹwàá, mo ti já a gbà lẹ́nu rẹ̀: dóńgóyárò nìyẹn. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé èmi náà mọ nǹkan. Ó wo áyọ́ọ̀nù rẹ̀ títí. "Bí Amma bá ṣe wí náà ni." Amma, ìyá, ni gbogbo wọn ń pè mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ọ́fíìsì ìjọba. Òṣìṣẹ́ onígíláàsì kan (n ò ní kọ orúkọ rẹ̀) ní kò sí ohun tóun lè ṣe, àfi igi tí wọ́n bá ń bọ. "Arali tó bá ti gbé dóńgóyárò níyàwó, àwọn agégi fúnra wọn ò ní fọwọ́ kàn án, Amma. Ta ló fẹ́ gba èpè tọkọtaya?"

Díẹ̀ ló kù kí n sáré délé. Kẹsàn-án àti kẹwàá kúkú fara ti ara wọn.

Ọjọ́rú, 12

Ìgbéyàwó. Girijamma, aládùúgbò mi, ló pe àlùfáà. Muniyappa lọ aṣọ funfun fún Ọkọ, ó lọ sári pupa fún Ìyàwó. A so okùn ìyeyè, àmì obìnrin tó ti lọ́kọ, mọ́ Ìyàwó lára. Girijamma ní, "Ìyàwó yìí mà ga ju ọkọ lọ o. Ọ̀rọ̀ ọkọ ò ní tà nílé yìí." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, àfi Muniyappa. Èmi sunkún.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Àwọn agégi ò tíì dé. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 30 — Ugadi

Ọdún tuntun. Ewé dóńgóyárò pẹ̀lú ṣúgà ìrèké la máa ń jẹ, kíkorò pẹ̀lú dídùn, bí ọdún ṣe máa rí. Ọjà ni mo ti ń ra ewé rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Lọ́tẹ̀ yìí mo já ti Ìyàwó.

Kò korò. Àbí, ó korò díẹ̀, bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti fọ omi kíkorò rẹ̀ dànù. Ẹ̀rù bà mí. N ò sọ fún ẹnì kankan.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹrin

Wọ́n dé láàárọ̀. Igi mẹ́jọ ti wó kí n tó wọ bàtà. Ọ̀gá wọn, ará oko, rí okùn ìyeyè, ó dúró, ó bọ́ bàtà. Mo ní ìrètí fún bí ìṣẹ́jú kan. Ó já ewé kan lára Ìyàwó, ó rún un lẹ́nu, ó tu ú dànù. "Hebbevu ni, ó kàn jọ dóńgóyárò ni. Igi tí wọ́n fi ń ṣe ìṣáná." Kò tiẹ̀ bínú. "Amma, ẹ̀yin lẹ gbé ìyàwó oníyàwó fún un."

Wọ́n gé e. Wọ́n gé Ọkọ tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5

Muniyappa kó aṣọ mi tó kù wá. Ó ń padà sí abúlé, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Mo bi í bóyá ó mọ̀. Ó ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní dóńgóyárò kékeré kan tí a bá gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ arali ì bá ti tó.

Mo ní kí ló dé tí o ò sọ?

"Ẹ ti sọ ọ́ lórúkọ kí ẹ tó bi mí, Amma."

Ẹnu mi ló kó bá a. Mo mọ orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá báyìí.