Fọ́tò Ọ̀sán Gangan Tí Màámi Rí

Àbúrò mi Ìbídàpọ̀,

Báwo ni ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ní Nàmíbíà? Gbogbo ará ilé ní Ìlódè ń kí yín. A ti tún òrùlé tó ń jò ṣe.

Ojú Màámi ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rù ń bà wá. Mo fi fọ́tò aṣálẹ̀ tí o yà láàárọ̀ hàn wọ́n, wọ́n ní kùrukùru làwọn ń rí. Nígbà tí mo ṣí èyí tí o ní oòrùn ọ̀sán gangan ti bà jẹ́, wọ́n pariwo: "Fọláṣadé, igi rèé! Òjìji rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin! Òkè ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀!" Mo sunkún ayọ̀.

Jọ̀ọ́, máa ya irú rẹ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n dé fìlà. Màámi ní ojú rẹ kò ní rí ibi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Fọláṣadé