Pẹ́pẹ́yẹ Tó Ń Fi Ohùn Ọmọ Mi Rẹ́rìn-ín

Eyínfúnjowó ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ọ̀fun ò dùn ọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ búburú nípa ara wa. Ara bàbá rẹ ti le, ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà sì ti ń gbọ́ràn.

Ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ inú tẹlifíṣọ̀n yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Mo ń lẹ ìdí ṣòkòtò oníbàárà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni pẹ́pẹ́yẹ kan bá yọ, dúdú àti funfun, tó dé fìlà, ló bá fi ohùn rẹ rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gún mi lójú! Mo sáré pe bábà tó ń gẹrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ní àwòrán tí wọ́n ti yà látìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, pé ìwọ lo kàn ń fi ohùn rẹ sọ̀rọ̀ fún pẹ́pẹ́yẹ náà ní èdè wa, iṣẹ́ tí wọ́n gbà ọ́ fún nìyẹn. Mo ní kó má gbé mi gẹṣin aáyán. Bí ohùn ọmọ mi bá wà níbẹ̀, ara rẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ mi, ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń lé pẹ́pẹ́yẹ kiri nínú àwòrán yẹn fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ọ́ pẹlẹbẹ bí aṣọ, o tún dìde! O ń rìn lórí afẹ́fẹ́, o ò jábọ́ àfìgbà tí o wolẹ̀. Jọ̀ọ́, má wolẹ̀ mọ́. Wọn ò tiẹ̀ wọ aṣọ aláwọ̀ kan fún ọ, bẹ́ẹ̀ èmi aránṣọ wà láyé! Bá mi wọn ìdí pẹ́pẹ́yẹ náà, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Bàbá rẹ ńkọ́, tó búra pé òun ò ní gbọ́ ohùn rẹ mọ́ torí pé o fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ lọ bá àwọn aláwàdà? Ojoojúmọ́ ló ń gbé àga tí kò kán síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun ń tún un ṣe. Tí o bá rẹ́rìn-ín, á kọjú sógiri kí n má baà rí eyín rẹ̀.

Àfi lọ́jọ́ Ẹtì tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sọ ọ́ sínú ìkòkò, tí o figbe ta pé kí bàbá rẹ gbà ọ́. Bàbá rẹ, káfíńtà mi, fò dìde, ó sọ òòlù lù ú! Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ò fara pa o. Tẹlifíṣọ̀n wa ló fọ́ yángáyángá.

Látìgbà náà, ilé pa lọ́lọ́, oúnjẹ ò wọ bàbá rẹ lẹ́nu. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o jáde nínú ìkòkò yẹn, kí n má sì sọ pé òun ló bèèrè. Mo ní kó kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀. Ó ní pẹ́pẹ́yẹ lòun ń bèèrè, òun ò bèèrè ọmọ kankan.

Nítorí náà, fi owó tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́, kí o fi owó abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi lé e. Bí kò bá sówó, máa bọ̀ nílé, kí o jókòó sójú ibi tí tẹlifíṣọ̀n wà, kí o kàn máa sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ á gbọ́.

Olúwa á ṣọ́ ọ, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ayé ò ní rí ọ gbé ṣe.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, ìyá pẹ́pẹ́yẹ.