Gìgísẹ̀, Ọkọ̀ Rẹ Fúyẹ́ Jù

Ọdún márùn-ún pé lónìí tí o gbéra nílé tí o kò padà, àbúrò mi. Wọ́n ní kí n kọ ìrántí tó tutù, kí n sọ pé o sùn, kí n sọ pé o ń sinmi. N kò ní í sọ bẹ́ẹ̀. O kò sùn. Ilé onítáyà tí ò ń fi mọ́tò fà kiri ló tì ọ́ ṣubú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, inú sì ń bí mi títí di òní olónìí.

Inú ń bí mi! N kò bá ikú bínú. Ikú kò ta mọ́tò fún ẹnikẹ́ni. Mọ́tò kan ni mò ń bá bínú, àti ẹni tó tà á, àti ìwọ tí o fi ọwọ́ ara rẹ yàn án láàárín gbogbo mọ́tò tó kún ọgbà.

Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà nínú ẹbí yóò ka ìwé yìí, nítorí náà màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìwọ ni aránbàtà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gìgísẹ̀. O sọ ilé onítáyà kan di ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀rọ ìránbàtà onírin dúdú, tábìlì iṣẹ́, àpótí ìṣó, awọ tí a ká jọ bí ẹní, garawa gọ́ọ̀mù, tánkì omi. Ò ń fà á káàkiri ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ àti ọgbà ilé-ìwé. Kí òṣìṣẹ́ tó jẹun ọ̀sán tán, bàtà rẹ̀ ti ní àtẹ́lẹsẹ̀ tuntun. Iṣẹ́ gidi ni. Èmi tí n kì í tètè yin èèyàn, mo yìn ọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ àtijọ́ tó ń fà á kọṣẹ́ pátápátá, o lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ta mọ́tò, ẹni tí à ń pè ní Ẹlẹ́nu-Oyin. Ó fi mọ́tò pupa kan hàn ọ́, pẹlẹbẹ bí bàtà ọkọ ìyàwó. Ó ń dán. Ó ń bú ramúramù. Mo wo ojú rẹ lọ́jọ́ náà, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ẹ so ilé onítáyà mọ́ ọn, ẹ fà á yí ọgbà po lẹ́ẹ̀kan, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú bí àwo. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹlẹ́nu-Oyin lu bọ́nẹ́ẹ̀tì gbàgbàgbà, ó ní, "Ó fà á, àbí kò fà á?"

Mo ní, "Ó fà á. Ṣé ó lè dá a dúró?"

O rẹ́rìn-ín. O ní, "Ọ̀gá Ìdánwò, ẹ tún ti dé! Ta ló ń ra mọ́tò torí kó lè dúró? Bó bá jẹ́ dídúró ni mò ń wá, ògiri ilé wa ì bá ti tó mi." Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Ìdánwò lò ń pè mí, nítorí pé ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́, tí mo sì ń ṣe ìdánwò lórí tábìlì ìdáná. Ẹnu rẹ dùn, mo gbà. Ẹnu tó dùn kì í dá ẹrù dúró.

Awakọ̀ akẹ́rù tó wà lẹ́yìn rẹ lọ́jọ́ náà ló ròyìn fún wa. Ó ní orí òkè tó wà lẹ́yìn iléeṣẹ́ bíríkì lo ti ń sọ̀kalẹ̀. Ó ní ìdí ilé onítáyà kọ́kọ́ ń mì díẹ̀, bí ìrù ajá tó rí olówó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, títí tó fi ń gbé ìdí mọ́tò pupa lọ síbi tó wù ú. O tẹ bíréèkì. Kí ni bíréèkì mọ́tò kékeré fẹ́ fi ẹrù tó jù ú lọ ṣe? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó gbá ọ kúrò lójú títì.

Ìyàwó wa ti gbé omi ìwẹ̀ rẹ kaná ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Omi náà tutù sínú ìkòkò.

Níbi ìsìnkú, àwọn èèyàn ń di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń sọ pé bí ó ti wà nìyẹn, pé kò sí ẹni tó lè yí i padà. Irọ́ ni! Àyànmọ́ kọ́ ló lọ sí ọgbà Ẹlẹ́nu-Oyin. Èèyàn tó ní làákàyè, tó lè fi ojú lásán mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn bọ̀, ni kò béèrè ìwọ̀n mọ́tò tó fẹ́ rà. Ìfiṣòfò ni mo pè é. N kò rí ìfiṣòfò tó tó o rí láyé mi.

Wá gbọ́ ohun tó ti yí padà. Màmá wa ń bẹ. Orúnkún ń dùn wọ́n, ẹnu kò dùn wọ́n. Ìyàwó wa parí yàrá iwájú tí o fi òrùlé rẹ̀ sílẹ̀ lábọ̀. Ó la fèrèsé kan sí ojú títì, ibẹ̀ ló ti ń gba bàtà. Iṣẹ́ kò kú! Òun fúnra rẹ̀ ló ń kan gìgísẹ̀ mọ́ bàtà báyìí, kì í sì í fi ìṣó ṣòfò bíi tìrẹ. Ọmọ rẹ obìnrin, èyí tó máa ń sùn sórí awọ lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ, ti ga jù mí lọ. Ó ti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ó gbé ojú rẹ, ó gbé ọwọ́ rẹ, ó sì gbé agídí rẹ láì dín ẹyọ kan kù.

Ilé onítáyà ńkọ́? A kò jù ú nù. Wẹ́dà na egungun rẹ̀, a pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan, a fi tapólì bò ó lẹ́yìn ilé. Ó wà níbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ dá sílẹ̀.

Lọ́dún yìí, ọmọ rẹ ká tapólì kúrò. Ó ní, "Àwọn oníbàtà iléeṣẹ́ kò lè máa rìn wá síbí. Èmi ni màá lọ bá wọn." Ìyàwó wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Màmá wa ní, "Kò ní í ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ẹnì kan ti tó." Ilé dàrú. Wọ́n wo ojú mi kí n bá wọn kọ̀. N kò kọ̀. Mo mọ ẹni tó bí i. Bí a bá tilẹ̀kùn mọ́ ọn, yóò lọ lọ́jọ́ tí a kò sí nílé, pẹ̀lú mọ́tò yòówù tó bá rí. Mo ní kó lọ, àmọ́ kò ní í so ilé onítáyà mọ́ nǹkan kan tí èmi kò tíì yẹ̀ wò.

O ò mọ̀ pé mo ti kọ́ nípa ẹrù fífà. Lẹ́yìn tí a sin ọ́, mo kọ̀wé béèrè fún ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn awakọ̀ tó ń fa ẹrù lẹ́yìn. Mo ń kà á láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo sì yege, èmi tí n kò ní kẹ̀kẹ́ pàápàá. Màmá wa ní mò ń kọ́ odò wíwẹ̀ lẹ́yìn tí odò ti gbé èèyàn lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo kọ́ ọ ṣá.

Kí a tó wí fún ẹnikẹ́ni, Ẹlẹ́nu-Oyin ti gbọ́. Ó wa mọ́tò búlúù kan wá, ó ń dán bí ojú ẹja. Ó ní, "Ọmọ wa, èyí á fà á bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń fa òwú."

Ọmọ rẹ yí mọ́tò náà po. Ó ní, "Ẹ̀yin Bọ̀ọ̀dá, báwo ló ṣe wúwo tó, òun fúnra rẹ̀, láìsí èèyàn nínú rẹ̀?"

"Háà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára o!"

"N kò béèrè ẹ́ńjìnnì."

"Wo táyà rẹ̀, tuntun ni gbogbo..."

"Ẹ kò mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ ta ti bàbá mi. Ṣé ẹ kò tíì lọ wádìí láti ọjọ́ yẹn ni?"

Oyin tán lẹ́nu rẹ̀. Ó wọlé sínú mọ́tò búlúù, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo ti to èébú sílẹ̀ dè é láti ọdún márùn-ún, ọmọ rẹ kò jẹ́ kí n rí àyè lò ó.

A yá akẹ́rù ńlá kan, a fi fa ilé onítáyà lọ síbi tí àwọn oníyanrìn ti ń wọn ọkọ̀. A kó ẹrù sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ ṣe máa ń kó o, omi kún tánkì, awọ pé. Gìgísẹ̀! Ilé onítáyà rẹ wúwo ju mọ́tò pupa yẹn lọ! Kì í ṣe díẹ̀! Ìwọ kọ́ lò ń fà á. Ó kàn ń tẹ̀ lé ọ nítorí pé ilẹ̀ tẹ́jú ni. Òkè kan ló ń dúró dè.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. A gbé ọrùn rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n kékeré. Ọrùn yìí ni irin iwájú tó ń jókòó sórí ìkọ́ ọkọ̀. Ó yẹ kó tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa kí ilé onítáyà má bàa fì. Tìrẹ fúyẹ́ bí àpótí òfìfo. Mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ìwọ lo kọ́ gbogbo ilé: "Ẹ ti ẹ̀rọ lọ sẹ́yìn pátápátá, kí ọrùn lè fúyẹ́, kí n lè máa fi ọwọ́ kan gbé e." Ò ń fi yangàn! Wàá gbé e sórí ìkọ́ bí ẹni gbé ife tíì, àwọn ọmọ àdúgbò á sì hó. Ìdí tó wúwo, ọrùn tó fúyẹ́: ohun tó sọ ọ́ di ìrù ajá gan-an nìyẹn. Nítorí kí ẹ̀yìn má bàa ro ọ́! Nítorí ìnira ìṣẹ́jú kan! Mo jáde kúrò níbẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ gbá òkúta, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi wú. Ìyẹn náà, ìwọ ni mo kà á sí lọ́rùn.

A wá ọkọ̀ títí. Ìbéèrè kan náà ni ọmọ rẹ ń béèrè ní ọgbà kọ̀ọ̀kan, àwọn kan sì lé e jáde. Níkẹyìn a rí jíìpù àtijọ́ kan, onígun mẹ́rin bí àpótí, aláwọ̀ ẹrẹ̀. Ó wúwo dáadáa ju ilé onítáyà lọ, pẹ̀lú gbogbo ẹrù inú rẹ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Àwọn tó ṣe é kọ ìwọ̀n tó lè fà sí ara ilẹ̀kùn rẹ̀, tiwa kò sì dé ibẹ̀. A so bíréèkì ilé onítáyà pọ̀ mọ́ tirẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè jọ máa dúró. A fi dígí gbọọrọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí awakọ̀ lè rí ẹ̀yìn. Màmá wa fi ọ̀pá tilẹ̀ yí i po, wọ́n ní, "Èyí burẹ́wà tó láti pẹ́ láyé."

Ẹ̀rọ ti kúrò lẹ́yìn. Ó wà lókè táyà, ó sún síwájú díẹ̀, a dè é mọ́lẹ̀ gírígírí. Ọrùn wá wúwo. Àwa mẹ́ta là ń gbé e, à ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyàwó wa ní ẹ̀yìn ń ro òun. Mo ní kó máa ro ó.

Láàárọ̀ òní, a lọ. Ọmọ rẹ ló wà á, mo jókòó tì í. Màmá wa gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní àwọn kò ní í dìde níbẹ̀ títí a ó fi dé. Lórí òkè ẹ̀yìn iléeṣẹ́ bíríkì, ọmọ rẹ ti wálẹ̀ sí jíà kékeré kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Kò sáré. Àwọn ará ẹ̀yìn ń fọn fèrè. Ó ní, "Ẹ máa fọn ọ́n. Ẹ ó fọn ọ́n dé ìsàlẹ̀." Ohùn rẹ ni mo gbọ́. Níbi tí o ti ṣubú, tí irin ẹ̀gbẹ́ títì ṣì wọ́ sí, mo ní kó yà sẹ́bàá títì, kó dúró. Ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró. Ilé onítáyà dúró lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ẹ́. Kò tì wá. Kò fì.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, Gìgísẹ̀! Ohun tó gbà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ọkọ̀ tó wúwo, ẹ̀rọ tí a sún síwájú, ẹsẹ̀ tó rọra! Mo bọ́ sílẹ̀, mo sì pariwo mọ́ ọ lẹ́bàá títì, mo pè ọ́ ní gbogbo orúkọ tí Màmá wa kò gbọdọ̀ gbọ́. Ọmọ rẹ jẹ́ kí n pariwo tán. Ó wá ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wọlé. Bàtà pọ̀ níwájú."

Ní ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́, bàbá àgbàlagbà kan ti ń ju bàtà sókè láti òkèèrè. Ó ní, "Gìgísẹ̀ dé! Ọlọ́run, ibo lo sá sí láti ọjọ́ yìí?" Ó súnmọ́ wa, ó rí ẹni tó bọ́ sílẹ̀, ó sì di bàtà náà mọ́ àyà. Ọmọ rẹ gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Ó ní, "Gìgísẹ̀ dé, bàbá. Ẹ jókòó."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń kọ èyí, lórúkọ gbogbo ilé. Ilé onítáyà wà ní àyè rẹ̀, òkúta wà lábẹ́ táyà. Màmá wa ti gbé àga wọn wọlé. Inú ṣì ń bí mi sí ọ, yóò sì máa bí mi, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ń pè mí ní Ọ̀gá Ìdánwò. A fẹ́ràn rẹ, aláìgbọràn. Àárò rẹ ń sọ wá, gbogbo wa, lójoojúmọ́. Ìyàwó wa tún gbé omi ìwẹ̀ kaná ní ìrọ̀lẹ́ òní. Ọmọ rẹ ti wẹ̀. Omi náà ṣì gbóná.