Ẹran Iléyá Nínú Yàrá Yìnyín Àjẹlẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 2 Òkúdu 2025
Jàmíù wá tún ẹ́ńjìnnì yàrá yìnyín ṣe. Ó so táì. Káàdì tó fún mi ka "Ẹnjiníà Àgbà, Onímọ̀ Ìjìnlẹ̀ Nípa Òtútù". Mo fẹ́ bi í pé ta ló ṣe ìdánwò fún un, ṣùgbọ́n ìyàwó mi wò mí. Felicia ni orúkọ rẹ̀. Nínú ìwé yìí, Àjẹlẹ̀ ni, nítorí òun ló ń ṣàkóso ṣọ́ọ̀bù ẹja ní Bẹẹrẹ, èmi, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, kàn jẹ́ ará ìlú tó ń san owó orí.
Jàmíù fi fóòmù nu ara ẹ́ńjìnnì títí ó fi ń dán, ó fa gáàsì sí i. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ooru ń gbà jáde, eruku dì síbẹ̀ bí irun àgùntàn. Mo fi hàn án. Ó ní eruku kì í pa ẹ́ńjìnnì, Bàbá. Ó wí i bí ẹni ń ka Bíbélì.

Ìṣẹ́gun, 3
Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ gbọn eruku náà dé ìdajì. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Ìyókù di ọ̀la.

Ọjọ́bọ̀, 5
N kò tíì ṣe ìyókù. Iléyá di ọ̀la. Gbogbo àdúgbò wa ní Àrẹ̀mọ ló ti wá bẹ Àjẹlẹ̀ pé kó bá wọn fi ẹran sí yìnyín — iná kì í dúró nílé wọn, àwa sì ní jẹnẹrétọ̀. Ọdọọdún ni. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wá, ṣùgbọ́n ìdajì ẹbí Àjẹlẹ̀ ló ń kírun. Ta ni yóò sọ fún àbúrò bàbá rẹ̀ pé àyè kò sí? Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹran tutù kí wọ́n tó gbé e wá.
Àjẹlẹ̀ ní, "Bàbá Ìtùnú, ṣé ẹ fẹ́ kí n fún wọn ní ìdánwò àṣewọlé ni?"

Ẹtì, 6. Iléyá
Wọ́n kírun tán, ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí páálí ẹja. Oníkálukú so àmì mọ́ àpò tirẹ̀ — àkísà pupa, àdìrẹ, okùn bàtà. Alhájì Ògúnṣọlá (orúkọ Ògún, láwàní Mẹ́kà, Ìbàdàn nìyẹn) kò so nǹkan kan. Ó ránṣẹ́ pé ẹran òun tóbi, a óò dá a mọ̀.
Mutmainnah, aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa tí mo kọ́ ní ìwé, mú tirẹ̀ wá kẹ́yìn nínú náílọ́ọ̀nù kékeré.
Èmi ni mo tò ó. Àpò lórí àpò, ìlà lẹ́yìn ìlà, títí kan àjà. Ó wù mí í wò.

Àbámẹ́ta, 7
Wòlíì kò sinmi. Ẹ́ńjìnnì nìyẹn — ó máa ń gbọ̀n, ó máa ń sọ èdè tí kò yé ẹnikẹ́ni. Lónìí ó gbóná débi pé kò ṣe é fọwọ́ kàn. Ilẹ̀kùn ń làágùn. Mutmainnah ti gbé tirẹ̀ lọ ní ìdájí, fún ìyá ọkọ rẹ̀ ní Òṣogbo.
Ọ̀sán — a wọlé. Ẹran àárín rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ìtò mi ló dí ẹnu fáànù inú pa, atẹ́gùn tútù kò ríbi gbà.
Àjẹlẹ̀ wòkè, ó wò mí. "Ẹ tò wọ́n bí ọmọ ilé-ìwé, wọn ò wá rí èémí mí."
A fa àpò sílẹ̀. Mo gbọn eruku tó kù. Jàmíù kò gbé fóònù, ọdún ni. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ẹran ti tún ń dì.
Àjẹlẹ̀ gbóòórùn àpò kọ̀ọ̀kan. Ó ní kò rùn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbọ́. Mo ní a ò mọ bó ṣe pẹ́ tó tó ti rọ̀. Ó ní imú òun ti ń ta ẹja kí n tó fẹ̀yìntì.
Ẹja tiwa tó wà lábẹ́ wọn ńkọ́? Ó ní kí n kó o dànù, òun ò lè ta irú ẹ̀ fún èèyàn.
Mo wo ẹja. Mo wo ẹran. Mo kó ẹja náà dànù.

Àìkú, 8. Pẹ́ńtíkọ́sì
Àlùfáà ń sọ̀rọ̀ iná tó bà lé àwọn àpọ́sítélì. Yìnyín ni èmi ń rò. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ẹlẹ́ran wá gbé ẹran wọn. Ó le bí òkúta. Wọ́n ń ṣàdúrà fún wa. Alhájì fúnra rẹ̀ wá, ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn lórí ìfẹ́ láàárín ẹlẹ́sìn gbogbo. Mo ní àmín.
Àjẹlẹ̀ kò jẹun.

Ajé, 9
A kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ń ṣàìsàn. Mo pe Mutmainnah bí ẹni fẹ́ kí i kú ọdún, mo wá béèrè ẹran. Ó ní kí n má bínú, ó ti ń rùn kí òun tó dé Ìwó, òun jù ú sígbó, òun ra adìẹ fún ìyá ọkọ òun. Kí ló dé tí kò sọ fún wa?
"Tíṣà, Màmá tó ń gbà wá láyè lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé ẹnu mi ni kí wọ́n ti gbọ́ pé ẹran bàjẹ́ lọ́dọ̀ wọn?"
Ohùn rẹ̀ ń jáde síta nínú fóònù. Àjẹlẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀.
"Bí gbogbo wọn á ṣe ṣe nìyẹn," ó ní. "Ẹni tó bá gbóòórùn á dákẹ́ nítorí tèmi. Ẹni tí ò gbóòórùn á jẹ ẹ́."
Ó wé gèlè. Ó gbé bàtà mi wá síwájú mi, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó ní a ó lọ láti ilé dé ilé. Òun ló máa sọ ọ́, kí n má fi gírámà bò ó.
Mo ń kọ èyí bó ṣe ń wá kọ́kọ́rọ́. Èéfín ń bọ̀ láti ilé Alhájì. Mo ń gbọ́ ariwo epo — nǹkan ti ń ta nínú agbada.