Àwo Orin Fúnmi àti Àdá Méjì

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń kọ èyí.

Mo ti Iwaraja dé, mo bá kòkó tí mo sá síwájú ilé nínú omi òjò. Ọ̀rá tí Fúnmi ọmọ mi ì bá fi bò ó wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Orin àwọn ọmọbìnrin akọrin Kòríà tó fẹ́ràn yẹn ló ń dún gèè ní yàrá rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbọ́ pé òjò ń rọ̀!

Mo wọ yàrá náà. Mo kó àwo orin wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde tòun ti páálí dídán tí àwòrán wọn wà nínú rẹ̀. Mo gbé wọn lé orí ìtì igi, mo fi àdá gé wọn wẹ́wẹ́. Àwòrán ojú ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà fò bọ́ sínú ẹrẹ̀, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi nínú.

Mo rò pé Fúnmi yóò sunkún ni. Àdá kejì ló mú. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi tí mo gbin ọmọ kòkó sí, ó bẹ́ mẹ́rin lórí. Mo sáré bá a, mo nawọ́ láti gbá a létí.

"Bàbá mi, ẹ sún mọ́ mi ná, kẹ́ ẹ wò ó."

Ìyá rẹ̀ figbe ta. Èmi dúró gbagidi. Fúnmi ti gbé àdá sí ọwọ́ òsì, ó fi eyín tẹ ètè, bí mo ṣe máa ń ṣe gan-an tí inú bá ń bí mi.

Àdá méjèèjì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi báyìí. N kò mọ̀ bóyá òun ni mo fi wọ́n pamọ́ fún, àbí èmi.